Ọjọ́ Tí Marlys Wakọ̀ Láàárín Kóònù

Nọ́ọ̀sì ni Marlys Hruska, aládùúgbò mi ní ìlú Lincoln ní Amẹ́ríkà. Nígbà òtútù tó kọjá, yìnyín yí ọkọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú títì, ó sì sọ ọ́ sí kòtò. Kò fara pa, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí òjò bá ti ń kán, Gordon ọkọ rẹ̀ ló ń gbé e lọ síbi iṣẹ́.

Èmi ni mo ní kó wá sí pápá ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́ níbi tí ẹgbẹ́ wa ti ń díje. Ọkọ̀ tí olúkúlùkù ń gbé lọ síbi iṣẹ́ náà ló ń wá fi sáré: wọ́n á to kóònù, ìyẹn ike olórí ṣóńṣó tí wọ́n fi ń dínà, sílẹ̀ bí ọ̀nà, ọkọ̀ á máa wọ̀ ọ́ ní kọ̀ọ̀kan, aago á sì máa kà; ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ẹnì kọ̀ọ̀kan máa ń sá a.

Mo ní, "Bí ọkọ̀ bá máa yọ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́, ibẹ̀ ni kó ti yọ̀. Kò sí igi níbẹ̀, kò sí kòtò."

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, a kó bàtà iṣẹ́ rẹ̀, agboòrùn àti ìgò omi kúrò nínú ọkọ̀, kí nǹkan kan má baà yí bọ́ sábẹ́ bíréèkì. Mo fún nọ́ọ̀tì táyà le.

"Ṣé ó le dáadáa? Tún un wò."

Mo tún un wò.

"Ti ẹ̀yìn ńkọ́?"

"Marlys, bí mo bá tún fún un, á já."

A fẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà kí ó lè mọ̀ ọ́n. Bí a ti dé òpin, ó ní òun ti gbàgbé ibi tí a ti yà sósì. Kò lè jẹ búrẹ́dì ẹlẹ́ran tí Gordon rà fún un.

Gordon rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó ń gún aráyé lábẹ́rẹ́ láì ṣẹ́jú, kóònù ló wá ń bà á lẹ́rù?"

"Pa ẹnu ẹ dé, kí n tó gún ọ."

Mo jókòó tì í. Lẹ́ẹ̀kíní, ó rọra wà á débi pé ó ṣìnà, wọn ò ka tirẹ̀. Ká tó tún bọ́ sójú ìlà, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán sára gíláàsì.

"Mo fẹ́ jáde," ó wí.

"O lè jáde. Màá sọ fún wọn."

Wọ́n juwọ́ sí i, ó sì tẹ iná, ọkọ̀ gbéra.

Níbi kọ́nà gígùn, ẹ̀rù bà á, ó já ẹsẹ̀ kúrò lórí iná lójijì. Ìdí ọkọ̀ fò yí ká. Ó figbe ta, kóònù ń fò. Ọkọ̀ dúró, ó kọjú síbi tí a ti ń bọ̀, ẹ́ńjìnnì sì kú.

"Ṣé ó ti parí?"

"Ó ti parí."

"Ṣé mo pa èèyàn?"

"Kóònù mẹ́rin."

Bàbá kan tó ń ṣọ́ ọ̀nà sáré wá, ó fa kóònù kan yọ lábẹ́ ọkọ̀. "Ṣé kò sí o, ọmọ mi?"

"Kò sí, bàbá. Ẹ má bínú."

"Bínú kẹ̀? Ṣáà kúrò lọ́nà, èrò ń dúró!"

Nígbà tó ku ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, Marlys wojú mi. "Sọ̀ kalẹ̀."

Mo lọ dúró ti Gordon. Àwàdà ti tán lẹ́nu rẹ̀, fìlà rẹ̀ ló ń fún lọ́wọ́. Ìdí ọkọ̀ tún yẹ̀ níbi kọ́nà yẹn. Gordon pè é lórúkọ, bí ẹni pé ó lè gbọ́. Marlys ò já ẹsẹ̀ kúrò lórí iná lọ́tẹ̀ yìí, ó rọra dá a padà, ó sì jáde láì gbá kóònù kan.

Nígbà tí èsì jáde, òun ló gbẹ̀yìn nínú gbogbo wa. Nígbà tí Gordon ṣílẹ̀kùn fún un, ó ní, "Má tíì fọwọ́ kàn mí. Jẹ́ kí n mí ná."

Òun náà ló wakọ̀ délé nínú òjò. Mo tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Gordon di irin ìdìmú tó wà lókè ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú títí wọ́n fi délé.