Okùn tí Iredélé So

Bí ẹ bá dé Kugbo, lójú ọ̀nà Nyanya, tí ẹ kọjá àwọn tó ń kan àga àti àwọn tó ń kun bẹ́ẹ̀dì ní fáníìṣì, ẹ ó rí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí wọ́n fi bláìǹdì aláwọ̀ oríṣiríṣi kọ́ síwájú rẹ̀. Iredélé ló ni ín. Ọmọ Ìsánlú ni, ní ilẹ̀ Okun, ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta. Ó ti di ọdún mọ́kàndínlógún tó ti ń kọ́ bláìǹdì sí fèrèsé àwọn ará Abuja, láti Karmo tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé títí dé Mpape lórí òkè, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ wọ́ rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ kí a tó rìn jìnnà: ọkùnrin náà fẹ́ràn ìyìn. Oníṣẹ́ ọwọ́ wo ni kò fẹ́ràn rẹ̀? Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ a máa kọ́ bláìǹdì tán, wọ́n á fi okùn méjèèjì tí a fi ń fà á sílẹ̀ kí wọ́n máa rọ̀ jọwọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n á kó irinṣẹ́ wọn, wọ́n á lọ. Ti Iredélé kì í rí bẹ́ẹ̀. Á so orí okùn méjèèjì pọ̀ ní kókó kan roboto, kókó tí ọwọ́ lásán kò lè tú, kí wọ́n di òrùka gígùn kan, kí wọ́n má baà máa lọ́ mọ́ ara wọn. Ó ní ibi tí iṣẹ́ òun ti yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn nìyẹn, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun kejì ni pé ó máa ń jẹ́ kí okùn náà gùn. Abuja gbóná, iná kì í dúró, kò sì sí abiyamọ tí kì í gbé bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀ sábẹ́ fèrèsé kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ sí i. Àwọn ìyá ọmọ a máa sọ fún un pé, “Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kó balẹ̀ dé bẹ́ẹ̀dì o, kí n lè máa fà á láìdìde.” Òun náà á sì jẹ́ kó balẹ̀ dé bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n á dúpẹ́, inú rẹ̀ á dùn, ó di ilé mìíràn. Ọdún mọ́kàndínlógún gbáko!

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kẹta ọdún yìí, ó jókòó ní pálọ̀ rẹ̀ ní Karmo, ó ń fi àkàrà mu ògì. Abímbọ́lá ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, ó ń sá aṣọ. Olúwadémiládé, ọmọ-ọmọ wọn tí kò tíì ju ọdún kan àti oṣù mẹ́rin lọ, ń ṣeré lórí àga gígùn tó wà lábẹ́ fèrèsé. Ìtùnúolúwa, àkọ́bí wọn, ló bí i, ó sì ti gbé e sílẹ̀ fún wọn lọ síbi iṣẹ́.

Iredélé kàn yíjú sí abọ́ ògì rẹ̀ ni. Kò gbọ́ ẹkún, kò gbọ́ ikọ́, kò gbọ́ nǹkan kan. Ohun tó ń dẹ́rù bà á jù lọ títí di òní nìyẹn. Nígbà tó máa gbójú sókè, ọmọ ti yọ̀ kúrò lórí àga, okùn bláìǹdì wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò sì kan ilẹ̀.

Abọ́ ògì fò lọ síbi tó ń lọ. Iredélé gbé ọmọ náà sókè, ó fi ọwọ́ kejì yọ orí rẹ̀ kúrò nínú okùn. Ọmọ náà mí gùùrù, ó wúkọ́, ó wá lọgun tó bẹ́ẹ̀ tí Abímbọ́lá fi sáré wọlé pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́wọ́. Ilà pupa kan yí ọrùn Démiládé ká láti etí dé etí. Kókó tí Iredélé so kò tú rárá. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára.

“Jésù! Bàbá Ìtùnú, kí ló ṣe ọrùn ọmọ?”

Iredélé mú ọ̀bẹ, ó gé okùn náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ, bí ẹni tó pa ejò tí kò tíì gbà pé ó ti kú. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní àdúgbò wọn yẹ ọmọ náà wò dáadáa, ó ní kò sí ewu, ṣùgbọ́n ó ní ká ní ó fi ìṣẹ́jú díẹ̀ pẹ́ sí i ni, ọ̀rọ̀ ìbá yíwọ́. Wọ́n padà sílé. Abímbọ́lá pọn ọmọ náà, kò jẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́. Ó wo okùn gígé tó wà nílẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀.

“Ilé mélòó nirú kókó yìí wà?”

Iredélé rí ọ̀pọ̀ fèrèsé lójú ara rẹ̀, ó rí bẹ́ẹ̀dì lábẹ́ wọn, ó rí okùn tó balẹ̀ dé bẹ́ẹ̀dì. Ó gbé fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó mọ̀ pé ọmọ kékeré wà nílé wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ta ló fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún abiyamọ, láàárọ̀ kùtù, pé okùn lè pa ọmọ rẹ̀? A kì í fi ẹnu pe ibi wá sórí ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lọ́la, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ dì mú. Nítorí náà, Iredélé ń yí ọ̀rọ̀ po. Fún ẹni àkọ́kọ́, ó ní okùn yẹn kò bá ìgbà mu mọ́. Fún ẹlòmíràn, ó ní kó ká a sókè kí ilé lè fani mọ́ra. Nígbà tó pe Hàbíbátù ìyá Mùbárákù, tó ń ta aṣọ ní Wuse, ó ní, “Ẹ má jẹ́ kí okùn yẹn máa balẹ̀ mọ́ o, eruku á bà á jẹ́.” Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí. “Eruku lẹ tìtorí ẹ̀ pè mí lọ́jọ́ Sátidé? A ti gbọ́ o.”

Gbogbo wọn ló ní àwọn ti gbọ́. Iredélé sì mọ̀, bí gbogbo wa ṣe mọ̀, pé “a ti gbọ́” kò túmọ̀ sí “a ó ṣe é.”

Ó wá ku Màmá Hadassah ní Mpape. Òun ló kọ́ bláìǹdì fún gbẹ̀yìn, kò tíì ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ọmọ Kabba, ó sì fi ọdún mọ́kànlá wojú Ọlọ́run kí ó tó rí Hadassah bí. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún méjì. Iredélé tẹ nọ́ńbà rẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe ń fi irú ọ̀rọ̀ yìí lọ̀ ẹni tó fi ọdún mọ́kànlá tọrọ ọmọ?

“Okun o, bọ̀dá Iredélé.” Ó kí i bí àwọn ará Okun ṣe ń kí ara wọn.

“Okun o, Màmá Hadassah. Ẹ jọ̀ọ́, okùn bláìǹdì tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ yẹn, ẹ bá mi ká a sókè díẹ̀.”

“Ṣé ó fẹ́ bàjẹ́ ni?”

“Rárá o. Mo kàn ní… kí ẹ ká a sókè ni.”

“Ẹ má ṣèyọnu jàre, tó bá bàjẹ́ mo máa pè yín. Ṣé ẹ mọ̀ pé okùn yín yẹn ni Hadassah fi ń ṣeré kó tó sùn? Tó bá ti rí i báyìí, ẹkún tán. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì ni. Ẹ jẹ́ n lọ fọṣọ, fóònù mi fẹ́ kú.”

Ó pè é padà. Fóònù ti kú. Ó tún pè é lẹ́ẹ̀mẹrin.

Iredélé kó síkírúù mélòó kan àti ohun tí ó fi ń dè é, ìkọ́ kan àti àlùmọ́gàjí sínú àpò rẹ̀, ó sáré jáde. Ọkọ̀ tó wọ̀ ní Karmo kò fẹ́ gbéra títí tí èrò yóò fi kún. Ó ní kí awakọ̀ máa lọ, òun á san ti ẹni tó kù. Ní Berger, gbogbo ọkọ̀ dúró sójú kan. Ó ń wo aago. Démiládé kì í sùn ju wákàtí kan lọ bó bá sùn lọ́sàn-án. Ṣé bákan náà ni gbogbo ọmọ rí? Bí Hadassah bá ti jí ńkọ́, tí ìyá rẹ̀ wà níta, tí ó rò pé ó ṣì ń sùn? Ó rántí pé Démiládé kò ké. Òógùn bò ó bí ẹni pé òun ló ń ti ọkọ̀ náà.

Ní ìdí Mpape, ó gun ọ̀kadà. “Sànnu, Bàbá,” ni ọlọ́kadà fi Hausa kí i, “where you dey go?” Iredélé nawọ́ sókè, ó ní kó ṣáà máa sáré. Típà tó kó òkúta ń sọ̀ kalẹ̀ níwájú wọn, eruku gba ojú ọ̀nà kan. “Kai, Bàbá, small small!” ni ọlọ́kadà ń wí, pé kí ó ní sùúrù. Bí wọ́n ṣe ń gòkè ni Iredélé ń dán ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò lẹ́nu. “Màmá Hadassah, okùn yẹn kò dára.” Rárá. “Màmá Hadassah, ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀bùn kan kún iṣẹ́ yín.” Kò dùn ún gbọ́ létí ara rẹ̀.

Màmá Hadassah jókòó síwájú ilé, ó ki ọwọ́ bọ inú ọṣẹ dé ìgbọ̀nwọ́.

“Ha, bọ̀dá! Ṣé kò sí o?”

“Kò sí. Mo fẹ́ fojú kan bláìǹdì yẹn ni.”

“Ọmọ ń sùn níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ò sì sí nílé. Ẹ jẹ́ kó di ìrọ̀lẹ́.” Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ọkùnrin wo ló ń wọ yàrá obìnrin nígbà tí ọkọ rẹ̀ kò sí?

“Okùn yẹn ló gùn jù, Màmá Hadassah.”

“Ṣebí èmi ni mo ní kó gùn!” Ó rẹ́rìn-ín, ó tún tẹ̀ sórí aṣọ rẹ̀.

Iredélé dúró níbẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo fèrèsé tí bláìǹdì rẹ̀ bò dáadáa láti inú. Ó la ẹnu.

“Okùn tí mo so lè pa ọmọ yín.”

Obìnrin náà gbójú sókè. “Kí lẹ wí?”

“Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ-ọmọ tèmi láàárọ̀ yìí. Ó fún un lọ́rùn, mo wà níbẹ̀, mi ò gbọ́.”

“Ọlọ́run má jẹ́! Ẹ kó ọ̀rọ̀ náà padà! Orí yín, kì í ṣe orí ọmọ mi! Ọdún mọ́kànlá!” Ó ju aṣọ tútù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bà á ní àyà. Ẹnu rẹ̀ ń bú u, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń sáré lọ sínú ilé, Iredélé sì tẹ̀ lé e.

Hadassah ti jí. Ó dúró lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti ki orí bọ inú okùn, ó ń jó lórí tìmùtìmù bó ṣe wù ú. Nígbà tó rí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó sì gbé ẹsẹ̀ kan kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì láti wá bá a.

Ìyá rẹ̀ fò. Ó gbá a mú kí ó tó jábọ́, ó gbé e sókè mọ́ àyà rẹ̀, Iredélé na ọwọ́ kọjá léjìká rẹ̀, ó gé okùn náà. Ó gé e lókè, ó tún gé e nísàlẹ̀. Ó fi síkírúù de ìkọ́ mọ́ ògiri níbi tí ọwọ́ àgbàlagbà nìkan lè tó, ó pín okùn tó kù sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó we wọ́n mọ́ ọn. Màmá Hadassah fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ kan wọ́ bẹ́ẹ̀dì kúrò lábẹ́ fèrèsé, ọmọ wà ní ọwọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ni ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Bọ̀dá, nígbà tí ẹ pè mí, ẹ ti mọ̀?”

“Mo ti mọ̀.”

“Ẹ wá ní kí n ká a sókè díẹ̀.”

“Mi ò fẹ́ fẹnu mi sọ ibi sí ọmọ yín ni.”

Omijé ń bọ́ lójú obìnrin náà, ọmọ sì ń fi ọwọ́ nù ún. “Ibi náà ti wà nínú ilé mi, bọ̀dá. Dídákẹ́ yín kò lé e jáde.”

Iredélé jáde sí gbangba. Ìtìjú bò ó, ẹ̀rù ń bà á ju ti àárọ̀ lọ, nítorí ó ti wá mọ iye ilé tí òun ti sọ irú ọ̀rọ̀ eruku bẹ́ẹ̀ sí. Ó pe ìyá Mùbárákù. Kò kí i, òun tí kì í gbé fóònù láìbéèrè ọmọ àti ọkọ àti ọjà.

“Okùn tí mo so sí fèrèsé yín lè pa Mùbárákù. Ẹ gé e nísinsìnyí.”

Èpè bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí òjò. Obìnrin náà bú u, ó bú iṣẹ́ rẹ̀, ó bú àwọn tó bí i ní Ìsánlú. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ á padà sórí ara rẹ̀. Iredélé kò pa fóònù, kò sì gbèjà ara rẹ̀. Nínú ariwo náà ló ti gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré, ohùn sì jìnnà sí fóònù: “Mùbárákù! Kúrò níbi fèrèsé yẹn! Mo ní kúrò níbẹ̀!” Ó dúró sínú oòrùn, fóònù mọ́ etí rẹ̀, títí ohùn náà fi padà dé, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Mo ti gé e.”

Iredélé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wá nọ́ńbà ilé tó kàn.