Ihò Ọkàn Ọmọ Mi àti Gbẹ́rẹ́ Ìyá Mi

Ìwé kẹta ni mo ti kúrò nílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kò sí táyà tó jò láàárín Ìkirè sí Àpòmù tí mi ò ní rí ojú ihò rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó lọ bi àwọn awakọ̀.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ dókítà kò fi rú mi lójú nígbà tó ní ihò wà nínú ọkàn ọmọbìnrin mi. Ọmọ ọdún méje ni, kò lè rìn dé ọjà kó má jókòó sinmi. Kí ọdún 2000 tó wọlé ni. Àwọn oníṣègùn òkè òkun wá sí ilé ìwòsàn kan n'Íbàdàn fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Dókítà ọmọ Yorùbá tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ló là á yé mi.

"Bàbá, a ò ní la àyà rẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ orí itan ọ̀tún la máa gbà. Ọ̀pá rọ́bà tín-ín-rín la máa tì dé inú ọkàn, a ó fi nǹkan tó ń ṣí bí agboòrùn dí ihò náà."

"Ó ti yé mi," ni mo wí. "Bí mo ṣe ń lẹ táyà tí kò ní túùbù nìyẹn. N kì í tú u."

Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé Ìkirè, ta ni mi ò ròyìn fún? Mo ń nàka sí itan ọ̀tún ara mi: "Ibí ni wọ́n máa gbà wọlé!" Ìyá mi jókòó níbẹ̀, wọ́n ń gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ dí ihò náà, dókítà ká aṣọ ọmọ sókè. Gbẹ́rẹ́ méje, dúdú, wà lórí itan ọ̀tún, ojú rẹ̀ sì ti wú.

"Ta ló sín in?"

"Èmi ni," ni ìyá mi dáhùn. "Ọ̀nà tí àlejò ńlá máa gbà, ṣebí a máa ń ro ó sílẹ̀ ni?"

"Màmá, ẹ ti ba ọ̀nà jẹ́. Tí a bá gba ojú egbò, kòkòrò máa bá wa wọ inú ọkàn. Ọ̀la làwọn àlejò yìí sì ń lọ."

Ìyàwó mi bú sẹ́kún. Ẹnu mi ló kó bá wa, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi kì í pa iṣẹ́ tì lágbedeméjì. Mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Dókítà, ẹsẹ̀ mélòó lọmọ mi ní?"

"Méjì."

"Ṣé iṣan ọ̀hún ò sí ní ti òsì ni?"

"Ó wà. Ó kàn le díẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ."

"Ẹ gba ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò ní kúrò níbí o."

Wọ́n forí korí. Wọ́n yẹ ara ọmọ wò, kò gbóná. Wọ́n di egbò náà pa, wọ́n gba òsì. Kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán, wọ́n ti gbé e jáde, ihò ti dí.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó rìn lọ sọ́jà, ó rìn bọ̀, kò jókòó. Bí mo ṣe fẹ́ ké sí àwọn awakọ̀ kí n ròyìn, ìyá mi fà mí láṣọ.

"Dákẹ́ o. Tí n bá tún gbọ́rọ̀ lẹ́nu ẹ, màá tún mú abẹ."

Mo dákẹ́. Ọjọ́ yẹn nìkan.