Bí Wọ́n Ṣe Ń Ká Ẹ̀wù Ní Òdìkejì Odò

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Gúnrégé ti ń lọ aṣọ ní ilé ìfọṣọ yìí, kò sì sí ọjọ́ kan tí ara rẹ̀ balẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ń wò ó láti ìta kò ní gbà. Ṣẹ́ẹ̀tì tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, eṣinṣin tó bá bà lé e á yọ̀ ṣubú. Ibi tí wọ́n ti fún un ní ìnagijẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn bá dún, á bojú wẹ̀yìn. Bí ẹnì kan bá bi í ní ìlú rẹ̀, á ní, "Ìlú wo ló tún kù? Ibí náà ni," á sì yára wọ́n omi sí aṣọ kí áyọ́ọ̀nù lè pariwo bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ń sá fún. Ará òdìkejì odò ni. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ bí i sí, èdè ibẹ̀ ló sì fi ń bá a wí nígbà tó bá ya pòkíì. Ní ìlú tó ń gbé yìí, bí abẹ́rẹ́ bá sọnù, wọ́n á ní, "Ará òdìkejì odò kankan ò kọjá níbí?" Wọ́n ní ọwọ́ wọn kò mọ́. Ta ló ká wọn mọ́ ìdí ẹrù, nígbà wo? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Nígbà tí Gúnrégé wá síbí wáṣẹ́, wọn kò bi í, òun náà kò sì sọ. Ó kọ́ èdè ìlú títí ó fi gbọ́ ọ ju àwọn tó ni ín lọ. Ní ọdún kẹta, ọ̀gá rẹ̀, opó kan tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá, fi kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ àwọn èèyàn ńlá lé e lọ́wọ́. "Ọmọ wa ni ẹ́," ló wí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Ti Gúnrégé ku ọdún kan.

Màmá gba ọmọbìnrin kan síṣẹ́, wọ́n ń pè é ní Ọmọ Tuntun. Òun kò fi ibi tó ti wá pa mọ́. Kò tilẹ̀ lè fi pa mọ́, nítorí gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló ń ru ẹrù òdìkejì odò bọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní kó ká ṣẹ́ẹ̀tì kan. Ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń ká apá ẹ̀wù sí ní ilé ìfọṣọ yìí, kí bọ́tìnì lè hàn gbangba níwájú. Ọmọ Tuntun ká apá méjèèjì síwájú, ó gbé ọ̀kan lé èkejì láyà ẹ̀wù, ó sì ki ìdí ẹ̀wù bọ ọrùn.

"Kí lèyí?" ni Màmá wí. "Ṣé ẹ̀wù yìí ń bẹ̀bẹ̀ ni?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ti Gúnrégé ló sì ròkè jù. Bẹ́ẹ̀, bí ìyá tirẹ̀ náà ṣe kọ́ ọ nìyẹn, nígbà tí kò tíì ga tó tábìlì. "A kì í ká apá ẹ̀wù sẹ́yìn," ni ìyá rẹ̀ máa ń wí. "Olè ni wọ́n ń dè lọ́wọ́ sẹ́yìn." Màmá ní kí ọmọ náà má ká aṣọ kankan mọ́, kó gbájú mọ́ omi àti ọṣẹ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni fóònù dún lápò Gúnrégé. Ìyá rẹ̀ ni. Ó sá lọ sẹ́yìn táǹkì omi, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó ń bá ìyàwó oníyàwó sọ̀rọ̀.

"Orúnkún mi ò gbé mi mọ́," ni ìyá rẹ̀ wí ní èdè wọn. "Ìgbà wo lo ń bọ̀? Kí ló dé tó o fi ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́? Àbí o jí nǹkan ni?"

Ó ní òun ń bọ̀, ó sì pa fóònù. Nígbà tó padà sídìí tábìlì, ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọ́yà kan ló wà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n orúnkún ìyá rẹ̀ ló ń rò. Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣẹ́ẹ̀tì náà ká. Kò mọ ibi tó fi sí.

Lọ́jọ́ kejì, lọ́yà dé, wọn kò rí ṣẹ́ẹ̀tì. Wọ́n tú gbogbo ilé. Gúnrégé náà ń wá a tọkàntọkàn; kò tiẹ̀ rántí pé òun fọwọ́ kàn án. Ojú gbogbo wọn kàn ń yọ́ lọ sọ́dọ̀ Ọmọ Tuntun. Ní ọjọ́ karùn-ún ni tíṣà kan tó máa ń fọṣọ lọ́dọ̀ wọn ti ìrìn àjò dé, ó ní òun bá ẹ̀wù tí kì í ṣe tòun nínú ìdì òun. Màmá gbà á, ó wò ó. Apá méjèèjì wà láyà, ìdí wà lọ́rùn.

"Ó tán!" ni Màmá pariwo. "Mo ní kó má ká aṣọ mọ́, kí lọ́wọ́ ẹ̀ wá débẹ̀? Ó fẹ́ dọ́gbọ́n gbé e jáde ni, ó wá ṣèèṣì fi sínú ẹrù tíṣà. Àwọn èèyàn yìí!"

"Mi ò fọwọ́ kàn án, mà," ni Ọmọ Tuntun wí, omi ti ń dà lójú rẹ̀.

"Ta ló tún ń ká aṣọ báyìí níbí? Tí lọ́yà bá dé lọ́la, ìwọ lo máa fẹnu ara ẹ sọ fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, kó ẹrù ẹ." Ó yíjú. "Gúnrégé, àbí mo purọ́?"

Ìgbà yẹn gan-an ni gbogbo rẹ̀ padà sórí Gúnrégé: táǹkì omi, orúnkún ìyá rẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì funfun.

"Hùn," ló wí. Ọkùnrin onírùngbọ̀n, hùn!

Nílé nírọ̀lẹ́, kò lè jókòó. Ó lọ sí yàrá, ó bọ̀. Ó ṣí fèrèsé, ó tì í. Ọmọ ìlú yìí ni ìyàwó rẹ̀, òun nìkan ló sì mọ àṣírí.

"Jókòó, ìwọ ọkùnrin yìí, kó o tó rin ilẹ̀ já."

"Tí mo bá sọ ọ́, kọ́kọ́rọ́ lọ nìyẹn. Bóyá iṣẹ́ gan-an."

"Tó ò bá sọ ọ́ ńkọ́?"

"Ọmọ yẹn ṣì kéré. Á rí iṣẹ́ míì."

"Pẹ̀lú orúkọ olè? Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, bàbá. Ìwọ náà lo sọ fún mi pé ẹ fi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tó dé. Kí ló pa ìwọ lẹ́rìn-ín níbẹ̀?"

Ojú ara rẹ̀ tì í dé ibi pé kò lè jẹun.

Ní òwúrọ̀, lọ́yà ti jókòó nígbà tí Gúnrégé wọlé. Ọmọ Tuntun dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gbé báàgì rẹ̀ dání.

"Màmá, èmi ni mo ká ṣẹ́ẹ̀tì yẹn," ni Gúnrégé wí.

Màmá rẹ́rìn-ín. "Àánú ẹ ti pọ̀ jù. Má torí wọn ba ara ẹ jẹ́, wọn kì í moore."

"Èmi ni, mà. Ará òdìkejì odò ni mí."

"Ìwọ kẹ̀? Má parọ́ mọ́ ara ẹ."

Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi parọ́ tí wọ́n gbà á gbọ́. Ó sòótọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní irọ́ ni. Inú bí i. Ó fa ṣẹ́ẹ̀tì náà mọ́ra, ó tú u, ó sì ká a, ojú Màmá ló ń wò, kò wo ẹ̀wù. Apá kan, apá kejì, ìdí bọ ọrùn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

"O jẹun nílé mi," ni Màmá wí níkẹyìn.

"Ǹjẹ́ nǹkan sọnù rí lọ́wọ́ mi, mà?"

Ojú Màmá yára lọ sí ibi tí kọ́bọ́ọ̀dù wà. Gúnrégé rí i, ó sì dùn ún wọ egungun. Màmá na ọwọ́. "Jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ mi ná." Gúnrégé tú u kúrò nídìí bẹ́líìtì, ó fún un. Màmá ní kí Ọmọ Tuntun padà sídìí iṣẹ́. Kò bẹ̀ ẹ́ o.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo ti pẹ́," ni lọ́yà wí. "Ẹ bá mi mú ẹ̀wù dúdú mi jáde."

Màmá ki kọ́kọ́rọ́ bọ kọ́bọ́ọ̀dù. Kò yí. Ó mì í, ó fi èjìká tì í, ó bú káfíńtà tó kàn án. Ilẹ̀kùn náà ti darúgbó. Èèyàn gbọ́dọ̀ fi orúnkún gbé e díẹ̀ kí kọ́kọ́rọ́ tó yí, ẹnì kan ṣoṣo ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òógùn bo Màmá. "Gúnrégé," ló pè é, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "wá bá mi ṣí i."

Ó wá, ó fi orúnkún gbé e, ó ṣí. Ó mú ẹ̀wù dúdú náà fún lọ́yà. Màmá ti kẹ́yìn sí i, ó ń lọ, ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá.

"Kọ́kọ́rọ́ yín, mà."

"Jẹ́ kó wà lọ́wọ́ ẹ, jàre."

"Rárá, mà. Ibi tí mo ti wá kò tíì yí padà." Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ Màmá, ó sì padà sídìí áyọ́ọ̀nù. Kò pẹ́ tí fóònù fi dún lápò rẹ̀. Ó wo táǹkì omi, kò lọ. Ibi tó dúró sí ló ti gbé e, ó sì fi èdè wọn kí ìyá rẹ̀ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ilé gbọ́.

"Orúnkún ló ń dùn mí," ni ìyá rẹ̀ wí, "kì í ṣe etí. Kí ló dé tó o fi ń pariwo?"