Ẹ̀rọ Kékeré fún Ohùn Jẹ́jẹ́

Ohùn mi kò ga, kò sì ga rí. Láti kékeré ni àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ti máa ń bi mí bóyá mo jẹun kí n tó wá. Mo jẹun, mo tilẹ̀ yó. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi ni. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ń ṣe, gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń pariwo mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, nítorí náà tí ọjọ́ Àìkú bá dé, tí mo bá gbé gìtá mi lé itan, ohun tó máa ń wù mí ni kí n kọrin bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ibì kan wà létí òkun níhìn-ín ní Àgbádárìgì tí wọ́n ti gbà mí láyè bẹ́ẹ̀. Ilé ìtura kékeré kan ni, àga rọ́bà lórí iyanrìn lábẹ́ igi àgbọn. Ní ìrọ̀lẹ́, oòrùn á máa sọ̀kalẹ̀ lápá Sẹ̀mẹ̀, ojú ọ̀run á pọ́n bí epo, omi tí ìgbì ń fọ́n á sì bo gbogbo etíkun fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, débi pé ẹni tó bá ń bọ̀ lókèèrè á dà bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Nígbà mìíràn mi ò ní mọ̀ bóyá èmi ni mò ń kọrin tàbí mò ń gbọ́ orin náà lójú oorun. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ ju ibikíbi lọ láyé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni obìnrin tó ni ilé ìtura náà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Àǹtí tíṣà, orin yín dùn, àmọ́ àwa tá a wà nítòsí la mọ̀. Ẹ̀yìn yín lásán ni àwọn tó jókòó lókèèrè ń wò. Arákùnrin oníkíbọ́ọ̀dù kan ti ń bẹ̀ mí, ó ní sípíkà ńláńlá. Tí Sọ́ńdè tó ń bọ̀ bá tún rí báyìí, ẹ má bínú sí mi o, òun ni màá fún láyè.”

Mo sunkún nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá títí mo fi dé ilé wa ní Ìbẹ̀rẹ̀kó. Àmọ́ tí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó di dandan kí n wá ẹ̀rọ kan tí agbára mi ká, tí kò ní lé mi kúrò nínú orin ara mi.

Ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló kọ́kọ́ gbà mí nímọ̀ràn. Ó gbé ọ̀kan nínú sípíkà wọn síta fún mi kí n fi dánra wò. Nǹkan náà ga jù mí lọ. Mo mí èémí kan ṣoṣo sí máìkì rẹ̀, ó dún bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ páànù nílẹ̀. Mo kọ ìlà orin kan, ewúrẹ́ méjì sá lọ, ìyá àgbà kan tó ń kọjá lójú ọ̀nà sì na ọwọ́ sókè, ó ní “Àmín!” Mo bá mọ̀ pé kì í ṣe ti irú mi. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lé ẹ̀mí èṣù jáde, kí ló mọ̀ nípa orin ìrọ̀lẹ́?

Mo gba Otto lọ, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ tòkunbọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

“Létí òkun kẹ̀?” ni ọlọ́jà kan wí nígbà tí mo ṣàlàyé. “Ẹ ra èyí tó máa bo òkun mọ́lẹ̀, Àǹtí!”

“Mi ò fẹ́ bo òkun mọ́lẹ̀. Mo fẹ́ ká jọ wà níbẹ̀ ni.”

Ó wò mí bí ẹni tí ibà ń ṣe. Bó ṣe ń dán ọjà rẹ̀ wò ni pé kó gbé máìkì, kó ké “Hẹ́lò! Hẹ́lò!” títí gbogbo àdúgbò á fi dáhùn. Mo gba máìkì náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí àkọ́kọ́ gbọ́ mi, ó sì tún gbọ́ jẹnẹrétọ̀ àti ẹni tó ń ta gààrí níta. Òmíràn kò gbọ́ nǹkankan àfi kí ètè fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Mo mú ìyẹn, torí mi ò fẹ́ kó máa bá mi gbọ́ ìgbì. Nígbà tó kan sípíkà, mo rí kékeré kan ní ìsàlẹ̀ pẹpẹ, ara rẹ̀ ti họ, ó ní ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbé e, bátìrì wà nínú rẹ̀, ó ní ojú ihò fún máìkì àti òmíràn fún gìtá. Mo kọrin sí i. Kò sọ ohùn mi di ńlá. Ohùn mi náà ni, ó kàn sún mọ́ èèyàn. Inú mi dùn débi pé mo rẹ́rìn-ín sókè.

“Ẹnikẹ́ni kì í ra ìyẹn,” ni ọlọ́jà wí. “Wọ́n ní kò lágbára.”

“Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́,” mo dá a lóhùn, mo sì gbé e.

Nílé, màmá mi fẹsẹ̀ sún ẹ̀rọ náà wò. Ẹ̀gùn ni màmá mi, Yorùbá tó ń sọ kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ́.

“Kí lèyí, ovi ṣié?” Ọmọ mi ló ń pè mí yẹn.

“Ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn ni, Màámi.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mú. “Èyí tó kéré báyìí? Òun ló fẹ́ gbé ohù?”

Ohù ni òkun ní èdè Ẹ̀gùn. Àṣìgbọ́ yìí ti pẹ́ láàárín wa. Ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, létí Ìworo, bàbá mi ń fa àwọ̀n létí omi, ó kẹ̀yìn sí òkun, ìgbì gbé e lọ. Láti ọjọ́ náà ni màmá mi ti ń kọ́ mi pé, “Má kẹ̀yìn sí ohù.” Ohùn ni èmi gbọ́. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá lanu sọ̀rọ̀, kíá ni màá yíjú sí i, àwọn tíṣà sì ń yìn mí pé mo lẹ́kọ̀ọ́. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ ohun tó ń wí, ẹ̀rù rẹ̀ sì wọ̀ mí lára. Títí di òní, n kì í kẹ̀yìn sí òkun. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí mo bá ń kọrin nílé ìtura yẹn, omi ni mò ń kọjú sí, àwọn èèyàn á wà lẹ́yìn mi, atẹ́gùn á sì máa dá orin mi padà sí mi lẹ́nu. Mo rò pé ẹ̀rọ á gbà mí lọ́wọ́ ìyẹn.

Màmá mi ní òun á bá mi lọ wo ẹ̀rọ tó fẹ́ gbé òkun. Àwàdà ló fi ṣe, ṣùgbọ́n kò tíì dé etí òkun láti ìgbà tí bàbá mi ti lọ.

Nígbà tí ọjọ́ Àìkú dé, a jọ lọ. Mo tan ẹ̀rọ, mo kọjú sí omi bí ìṣe mi. Atẹ́gùn wọ inú máìkì tààrà: fùùù, fùùù, kò sí orin, kò sí gìtá. Àwọn èèyàn fajú ro. Oníkíbọ́ọ̀dù wà níbẹ̀, ó ń mu míníràlì rẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, ẹ̀yìn mi ni ìbá dí atẹ́gùn náà. Ẹsẹ̀ mi kọ̀.

Màmá mi dìde. Ó wọ́ àga rọ́bà rẹ̀ lórí iyanrìn, ó gbé e sáàárín èmi àti omi, ó sì jókòó kọjú sí òkun.

“Yí padà.”

“Màámi…”

“Yí padà, ovi ṣié. Kọjú sí àwọn èèyàn ẹ. Èmi á máa wo ohù.”

Mo yí padà. Ẹ̀yìn mi tutù. Mo gbé ètè mi kan máìkì, mo bẹ̀rẹ̀. Atẹ́gùn gba ẹ̀gbẹ́ èjìká mi kọjá, ó sì ń gbé ohùn mi lọ jẹ́jẹ́ láàárín àwọn igi àgbọn. Ọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn pátápátá gbé ìgò rẹ̀ kalẹ̀, ó sì gbórí sókè. Ilẹ̀ ń ṣú, mi ò rí ojú ẹnikẹ́ni dáadáa mọ́, síbẹ̀ mo mọ̀ pé gbogbo wọn ń gbọ́.

Nígbà tí mo parí, obìnrin tó ni ilé ìtura wá bá mi. “Sọ́ńdè tó ń bọ̀, ẹ tètè dé o.” Ó wá fi ẹnu júwe ẹ̀yìn mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ta ni màmá yẹn? Látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò wojú yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣé orin yín ò wù wọ́n ni?”

“Màmá mi ni,” mo ní.

Ó ṣì jókòó síbẹ̀, ọwọ́ lórí orúnkún, ojú rẹ̀ kò kúrò lára omi tó ti dúdú. Mo lọ fọwọ́ kàn án léjìká.

“Màámi, mo ti parí.”

Ìgbà yẹn ló tó ṣẹ́jú.