Kùmọ̀ Tó Bà Lé Èjìká Ìyá Mi

Ọjọ́ Sátidé tí ìyá mi mú mi láti àdúgbò wa ní Marcory lọ sí ọjà alórùlé ní Treichville, nílẹ̀ àjèjì tí à ń gbé, kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ra aṣọ kan ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìyá mi figbe ta: "Voleur! Olè!"

Ní ìsọ̀ àwọn alápatà ni àwọn ará ọjà ti mú un. Wọ́n fi kùmọ̀ lù ú, wọ́n fi bàtà tẹ̀ ẹ́ lórí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹran lórí sìmẹ́ńtì. Ìyá mi sún mọ́ wọn láti gba aṣọ rẹ̀, ló bá rí ìlà Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ olè náà, irú tirẹ̀ gan-an. Ó ṣubú lé e lórí. Kùmọ̀ tó ń bọ̀ bà lé èjìká rẹ̀, mo gbọ́ tí egungun kán.

Ó ké lédè Júlà tí wọ́n ń ná ọjà níbẹ̀ pé, "Ẹ fi í sílẹ̀! Ọmọ mi ni!"

Alápatà kan ní, "Ṣebí ìwọ lo pè é lólè?"

"Èmi ni mo bí i, èmi ni n ó nà án!"

Wọ́n tú ká. Nígbà tí àwa àti ọmọ náà jáde, ìyá mi gbá a létí, ó ní kó máa lọ.

Títí dòní, èjìká yẹn kò gbé ẹrù mọ́. Bí wọ́n bá bi í, á ní ìyà ọmọ ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èmi nìkan ló bí.