Ẹni Tó Súfèé Pe Ajá Nínú Òjò Òkukù

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó yáa pè mí bẹ́ẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i. Mi ò sùn, mi ò mu ohun kan ju omi lọ, ilẹ̀ ò sì tíì ṣú. Ọ̀sán ni.

Bí ọdún méjì lẹ́yìn òmìnira ni. Tíṣà ni mí ní Ìkìrun nígbà náà, mo sì fẹ́ fẹ́ ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ réluwéè. Ẹ jẹ́ n máa pè é ní Àkànní. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ká wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó ní ajá pupa kan tó ń pè ní Jáàkì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó kú sẹ́nu iṣẹ́, Sùnmọ́nù, ló ni ajá náà tẹ́lẹ̀. Mo bi í pé kí ló pa ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ọtí ni," ó ní. "Ó mu ún yó, ó lọ dúró sáàárín wágọ́ọ̀nù méjì, ìyẹn kóòṣì ẹrù, wọ́n sì fún un pa."

Àánú ṣe mí. Mi ò béèrè mọ́.

Ní Sátidé kan ó ní ká lọ gbafẹ́ ní Òkukù. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ gáàdì réluwéè, tó kó ohun èlò réluwéè ayé àtijọ́ jọ sínú kóòṣì èrò kan tí wọn ò lò mọ́, tí àwọn èèyàn ń lọ wò. Àwa méjèèjì ò débẹ̀ rí. A mú Jáàkì dání, a wọkọ̀ ní Ìkìrun. Ká tó kọjá Ìníṣà, òjò ti ṣú. Ìgbà tá a fi máa bọ́ọ́lẹ̀ ní Òkukù, ńṣe ló ń dà bí ẹni yí àgbá omi dànù.

A sáré wọ búkà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀. Ọdẹ ni ọkọ ìyá tó ni ín, ìyá náà kì í sì í lé ajá. Wọ́n tiẹ̀ máa ń ju eegun fún un lábẹ́ bẹ́ǹṣì ni. Wọ́n bu ìrẹsì wá. Abọ́ mẹ́ta.

"Mà, àwa méjì ni," mo sọ.

Ìyá wo ẹnu ọ̀nà. "Ẹni tó bá yín wọlé ńkọ́? Tó wọ kóòtù òjò dúdú, tó ń fọwọ́ pa ajá yín lórí?"

Ẹ gbà mí gbọ́, kò sẹ́nì kankan. Ṣùgbọ́n Jáàkì dùbúlẹ̀, ó gbé orí sókè, ó ń ju ìrù sí afẹ́fẹ́.

Síbí bọ́ lọ́wọ́ Àkànní. Ó sọ̀rọ̀ sí mi létí: "Má dá wọn lóhùn. Jẹun, Tíṣà."

Nígbà tí òjò dín kù díẹ̀, ìyá ránṣẹ́ sí bàbá gáàdì, wọ́n sì wá mú wa pẹ̀lú agbòjò. Kóòṣì wọn wà ní ìparí ọ̀nà irin kan tí koríko ti bò. Wágọ́ọ̀nù kan tó ti dógùn-ún dúró lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ń fi àtùpà àti agogo hàn wá nínú kóòṣì, tí wọ́n ń ṣàlàyé, ni a gbọ́ súfèé níta. Ó gùn lẹ́ẹ̀kan, ó kúrú lẹ́ẹ̀mejì.

Ohùn kan tẹ̀ lé e, jẹ́jẹ́, bí ìgbà téèyàn ń pe ọmọ rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀-ò-tán. Ọ̀rọ̀-ò-tán, máa bọ̀."

Jáàkì fò jáde.

Mo wo Àkànní. Ojú rẹ̀ ti funfun bí ẹfun. "Orúkọ tí Sùnmọ́nù sọ ajá yẹn nìyẹn," ó ní. "Èmi ni mo pa á dà."

Mo bọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí, mo rí i. Ọkùnrin kan dúró sáàárín kóòṣì àti wágọ́ọ̀nù, ó wọ kóòtù òjò dúdú. Àyà rẹ̀ pẹlẹbẹ bí aṣọ tí wọ́n lọ̀. Ajá ń lá a lọ́wọ́. Kò wo èmi rárá.

"Àkànní," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Wá sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀."

Àkànní ń sunkún, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń lọ. Bí ẹran tí wọ́n fi okùn fà ló ṣe ń rìn. Bó ṣe débẹ̀, irin dún kíkan. Wágọ́ọ̀nù tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tó ti ń dógùn-ún láti ọdún mélòó kan, ló rọra yí síwájú. Ó há ọwọ́ ọ̀tún Àkànní mọ́ ara kóòṣì.

"Èmi ni!" Àkànní figbe ta. "Mo rí i níbẹ̀ kí n tó ju àsíá fún dẹ́rẹ́bà pé kó máa bọ̀! Ipò kan ṣoṣo ló wà, òun ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ọ̀gá! Kò mutí! Èmi ni mo da ọtí sí i lára nígbà tó kú tán!"

Irin dákẹ́.

Ọkùnrin mẹ́jọ ló fi ọ̀pá irin ti wágọ́ọ̀nù yẹn padà sẹ́yìn. Koríko tó hù lábẹ́ ẹsẹ̀ wágọ́ọ̀nù náà ò tẹ̀, bí ẹni pé kò yí rárá. A ò rí ajá, a ò rí ọkùnrin náà. Ní ọsibítù, wọ́n gé ọwọ́ Àkànní.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó burú jù. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé, ó ní irọ́ ni, ó ní ìrora ló mú òun sọ kántankàntan. Mo dá òrùka rẹ̀ padà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn.

Èmi àti bàbá gáàdì wá ìyàwó Sùnmọ́nù lọ sí Ìgbàyè, ká lè sọ òótọ́ fún wọn. Ilá ni wọ́n ń rẹ́ lọ́wọ́. Wọn ò gbójú sókè.

"Ó ti wá sọ fún mi," wọ́n ní. "Ó ní ọwọ́ tó ju àsíá lòun kọ́kọ́ mú. Ó ní ó ku ẹnu."

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, Àkànní kó lọ sí Kánò. Mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́ títí dòní. Mi ò mọ̀ bóyá ó ṣì ń sọ̀rọ̀.

Ìwọ tó o ti purọ́ mọ́ òkú, tó o sì ń sùn dáadáa: mo bẹ̀ ọ́, lọ tún un sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ nígbà tó o ṣì lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn débẹ̀. Má jẹ̀ẹ́ kó wá pè ọ́.