Òwú Sítóòfù Tí A Dì Sínú Gèlè

Bí o bá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí mo kọ́kọ́ gbé ní Ajégúnlẹ̀ nígbà tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó ọ̀ṣìngín, òórùn kẹrosíìnì ni yóò kọ́kọ́ kí ọ káàbọ̀. Yàrá mẹ́rin kọjú sí yàrá mẹ́rin, sítóòfù kọ̀ọ̀kan wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá kọ̀ọ̀kan, èéfín wọn sì ti sọ àjà ilé di dúdú. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, o ò ní mọ ọbẹ̀ ta ló ń ta sánsán. Ọkọ mi ń kó ẹrù ní wáàfù Àpápá. Sìmẹ́ǹtì ni ọkọ̀ ojú omi ń kó wá lásìkò yẹn, àfi bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fi sìmẹ́ǹtì bo Èkó mọ́lẹ̀. Tó bá dé, irun orí àti ìpéǹpéjú rẹ̀ á ti funfun, màá sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀dọ́kùnrin ló jáde nílé mi láàárọ̀, bàbá arúgbó ló ń wọlé tọ̀ mí bọ̀. A ò lówó, ṣùgbọ́n a máa ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo ìlú ń yọ̀, àwa náà bá wọn yọ̀, a ò mọ̀ pé àwa la máa jìyà ayọ̀ náà. Ọkọ mi kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, kò sẹ́ni tó fi kọ́bọ̀ kún tirẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́jà kò béèrè ẹni tí wọ́n fi kún owó rẹ̀ àti ẹni tí wọn ò fi kún un. Gàrí gbówó lórí, ẹ̀wà tẹ̀ lé e, ata náà bá wọn lọ. Oníbàárà mi ní ọjà Boundary, tó máa ń fi èènì lé e kí n tó béèrè, wá ń ṣe bíi pé òun ò mọ ohun tó ń jẹ́ èènì mọ́. Ti kẹrosíìnì ló burú jù, nítorí pé kò tilẹ̀ sí. O lè fi kẹ́ẹ̀gì rẹ tò láti ìdájí, kí oòrùn kàn ọ́ látàrí, kí wọ́n wá sọ fún ọ pé ó ti tán.

Àsìkò yẹn gan-an ni mo lóyún. Èyí tí mo kọ́kọ́ ní ti bàjẹ́ lára mi lọ́dún tó ṣáájú, ẹ̀rù sì ń bà mí débi pé mi ò lè dá orúkọ ọmọ sọ lọ́kàn ara mi. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ mí wò fà mí ní ìpéǹpéjú sílẹ̀, ó wo inú rẹ̀, ó sì kọ hàà. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi kò tó ẹnì kan lò, ká má tíì sọ ẹni méjì, pé kí n máa jẹ ẹja, kí n máa jẹ ẹ̀wà, kí n máa jẹ ẹ̀fọ́, bí n kò bá fẹ́ kí èyí náà lọ. Mo ń rìn bọ̀ wálé, mo ń ronú ibi tí ẹja yẹn máa gbà wá.

Ìyá Onílé ló yọ wá. Òun ló bí ẹni tó ni ilé, ọmọ bíbí àdúgbò náà ni, ó ti ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà tí gbogbo rẹ̀ ṣì jẹ́ ẹrẹ̀ àti koríko, Yorùbá àtijọ́ tó sì ń sọ máa ń pa wá lẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀. Ó pe gbogbo àwa obìnrin ilé jọ sẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ kan, ó wò wá yíká, ó ní, “Obìnrin mẹ́jọ, iná mẹ́jọ, ebi kan náà. Ẹ jẹ́ ká dá iná kan.” Ó ní ká máa da oúnjẹ wa pọ̀, ká máa fi igi sè é nínú ìkòkò ńlá kan, ká máa gbà á sè fún ara wa, kí kẹrosíìnì tí ẹnikẹ́ni bá rí sì wà fún àtùpà nìkan. Kí ọkàn gbogbo wa lè balẹ̀, ó ní kí olúkúlùkù lọ yọ òwú sítóòfù rẹ̀ wá. A kó wọn wá, ó so ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ó di gbogbo rẹ̀ sínú ògbólógbòó gèlè kan, ó sì tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́bi tó ti ń dáná ní yàrá, wọ́n á kó òwú rẹ̀ fún un, ó sì ti kúrò nínú ìkòkò nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ mi ló kọ́kọ́ yọ tirẹ̀. Ògiri kan ló wà láàárín yàrá tèmi àti tirẹ̀. Òun ló ń dirun fún mi, òun ló mọ̀ pé mo lóyún kí ọkọ mi tó mọ̀. Nígbà tí oyún àkọ́kọ́ bàjẹ́, òun ló fọ gbogbo aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ ta sí, tó sá wọn sínú yàrá tirẹ̀ kí ojú má baà tì mí. Mi ò ní ẹ̀gbọ́n obìnrin, mo sì ti fi í ṣe ẹ̀gbọ́n lọ́kàn mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé “ìwọ” la máa ń pe ara wa.

Ká sòótọ́, ìkòkò yẹn gbà wá là. A gbin tẹ̀tẹ̀ sétí ògiri. Ọkọ mi ń ru pákó tí wọ́n fi di ẹrù wálé láti wáàfù, ìyẹn la sì fi ń dáná. Tó bá kan obìnrin Ùròbò tó wà ní yàrá ìkángun, ata á pọ̀ débi pé àwọn ọkùnrin á máa nu imú jẹun, wọ́n á sì tún ní kó bù sí i. Ẹja nìkan ni kò tó nǹkan. Ẹyọ kan péré ló ń kan èèyàn, kò ju àtàǹpàkò lọ, ṣùgbọ́n Ìyá Onílé máa ń wá èyí tó tóbi díẹ̀ fún mi nítorí oyún. Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í mókun. Mo máa ń jí láàárọ̀ kí n gbọ́ bí ọmọ ṣe ń ta pútú nínú mi, inú mi á dùn.

Nígbà tó yá, ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi pé ọmọ òun kò jẹun mọ́. Ọmọbìnrin kékeré kan ló ní, tí kò tíì tó ilé ìwé lọ, tí ẹnu rẹ̀ dùn bí nǹkan míì. Ó ní ara ọmọ náà kò yá, pé ẹja nìkan ló ń wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kò sọ pé kí n fún òun. Ó kàn máa ń wo àwo mi, á mí kanlẹ̀. Ni mo bá ń yọ ẹja mi fún un. Á kọ́kọ́ kọ̀, á ní, “Oyún ńkọ́?” Màá ní kó má dá oyún lóhùn, pé ọmọ tó ti wà láyé ló kàn. Bó ṣe di ojoojúmọ́ nìyẹn, tí mò ń fi omi ọbẹ̀ jẹ ẹ̀bà, tí mo sì ń rò pé oore ni mò ń ṣe.

Lọ́jọ́ kan mo lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n ní nọ́ọ̀sì kò wá, mo sì tètè padà sílé. Ilé dá páropáro. Àwọn kan wà lọ́jà, àwọn kan lọ tò fún kẹrosíìnì. Bí mo ṣe wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni òórùn ẹja díndín lù mí nímú, itọ́ kún ẹnu mi kí n tó mọ ohun tí mò ń gbọ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ̀rẹ́ mi. Ó ní láti jẹ́ pé òjìji mi bọ́ sára kọ́tìnnì, nítorí pé ohùn kékeré kan dáhùn láti inú yàrá, ó ní, “Ẹ wá jẹun, mà.”

O mọ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ wa. Kó tó mọ apá ọ̀tún yàtọ̀ sí apá òsì, a ti kọ́ ọ pé tó bá ń jẹun tí àgbà sì kọjá, kó pè é. Ọ̀rẹ́ mi tọ́ ọmọ rẹ̀ dáadáa. Mo gbé kọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ náà jókòó lórí àpótí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, òróró ń dán létè rẹ̀, ẹja tó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ sì wà lórí ìrẹsì rẹ̀. Sítóòfù ń jó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, òwú tuntun ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi fi ọwọ́ bo ẹnu ọmọ náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde. Ẹnu tèmi náà ti dáhùn bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé, kí ọkàn mi tó bá a. Mo ní, “Á gba ibi ire.”

Ó tẹ̀ lé mi wọ yàrá mi, ó ń sunkún. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé yìnyín tí wọ́n ń kó ẹja sí ní Ìjọra. Ó ní ọkọ òun ti sọ pé òun ò lè máa jẹ oúnjẹ ìkòkò bí ọmọ ilé ìwé, pé ó ti ń jẹun lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta oúnjẹ nítòsí ibi iṣẹ́, pé nígbà míì kì í tilẹ̀ wálé. Nítorí náà lòun ṣe ń dáná fún un, kó lè rántí ọ̀nà ilé. Gbogbo ìyẹn yé mi. Mo wá bi í pé ẹja tèmi tí mo ń yọ fún ọmọ ńkọ́. Ó ní kì í ṣe ojoojúmọ́ ni ọkọ òun ń mú ẹja wálé, pé lọ́jọ́ tí kò bá mú un wá, tèmi ló ń dí àyè rẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rántí aṣọ tó fọ̀ fún mi, mo sì gbà. Inú bí mi, àmọ́ mo gbà.

Ṣùgbọ́n ta ló lè di òórùn mọ́lẹ̀? Kò pẹ́ tí àwọn yòókù fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ. Ìyá Onílé tún pè wá jọ. Obìnrin Ùròbò ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní, “Somebody dey cook for room. My nose no dey lie.” Ó ní apá ọ̀dọ̀ wa ló ti ń wá, láàárín yàrá tèmi àti ti ọ̀rẹ́ mi. Ìyá Onílé tú gèlè náà lójú wa, gbogbo òwú pé síbẹ̀, kò sí ti ẹnì kankan tó dín. Ó ní ẹni tó ra òmíràn kó jẹ́wọ́. Mo wolẹ̀. Mò ń dúró kí ọ̀rẹ́ mi sọ̀rọ̀, ó sì sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, ó tilẹ̀ gbé ọwọ́ lé mi léjìká.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bá a wí púpọ̀. Oyún ló ń ṣe é.”

Mo kọ́kọ́ rò pé etí mi ló ń tàn mí. Nígbà tí mo gbójú sókè, gbogbo wọn ti ń wo ikùn mi, àwọn kan ń mi orí, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ti yé wọn tipẹ́. Mo ní èmi kọ́, òun ni, mo fojú ara mi rí i, kí wọ́n bi ọmọ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní ṣé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá ni mo fẹ́ fà wọ inú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn obìnrin sì pòṣé sí mi. Ìyá Onílé bi mí ìgbà tí mo rí i. Mo sọ ọ́. Ó wò mí títí, ó ní, “Kí ló wá dé tí o ò sọ ọ́ látọjọ́ náà?” Mo ní ó bẹ̀ mí ni. Ìdákẹ́jẹ́ tí mo fi ṣe é lóore ló dà bí irọ́ lẹ́nu mi. Ìyá Onílé tú òwú tèmi, ó kó o lé mi lọ́wọ́, kò sì bínú rárá. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń dá jẹun. Ọkọ mi fẹ́ jà, mo ní kó jókòó, pé tó bá jà wọ́n á ní òun ló tì mí lẹ́yìn tí mo fi ṣe é. Kò sí kẹrosíìnì tí màá fi òwú náà tàn, wọn ò sì jẹ́ kí ọkọ mi kó pákó jáde ní wáàfù mọ́, nítorí náà mo ń fi ikùn gbàǹgbà lọ bu lẹ́búlẹ́bú pákó ní ilé ìlagi lápá Ìjọra. O máa gbé ìgò sáàárín agolo, wàá ki lẹ́búlẹ́bú náà yí i ká kó le, wàá fa ìgò yọ, wàá sì tanná sí ojú ihò rẹ̀. Ó ń jó dáadáa, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ máa ń há mi láyà. Gàrí la ń jẹ láàárọ̀, gàrí náà ni lálẹ́. Nọ́ọ̀sì wò mí lójú, ó béèrè bóyá mo fẹ́ pa ọmọ náà ni. Lẹ́yìnkùlé, mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń fi ṣíbí kan ìdí ìkòkò, tí wọ́n ń pín ẹja, tí ọ̀rẹ́ mi sì ń rẹ́rìn-ín láàárín wọn.

Ọ̀sán gangan ni ìrọbí mú mi, kí oṣù ọmọ tó pé. Mo fi ọwọ́ gbá ògiri nítorí pé kò sí ẹlòmíràn nílé, ọ̀rẹ́ mi ló sì sáré wọlé. Kí n má purọ́, ó ṣe bẹbẹ. Ó sáré dé Boundary láìwọ bàtà, ó fa takisí kan wá, ó gbé mi sí i, ó sì gbé orí mi lé itan rẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, nítorí pé ọwọ́ tó wà nítòsí nìyẹn. A ti ń lọ lójú ọ̀nà nígbà tó tẹ ẹnu mọ́ mi létí, ó ní, “Jọ̀ọ́, dárí jì mí.” Ìrora gbé mi lẹ́sẹ̀ kan náà, mo lọgun. Ó ń fọwọ́ pa mí lórí, ó ń ní “O ṣeun, o ṣeun,” bí ẹni pé mo ti dá a lóhùn.

Ọmọ náà kéré débi pé ẹ̀rù ń ba ọkọ mi láti gbé e, ṣùgbọ́n ó yè. Òun náà ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí. Ọ̀rẹ́ mi wá sí ìsọmọlórúkọ, ó bá mi gbé ọmọ pọ̀n, ó bá àwọn obìnrin yòókù jókòó, wọ́n sì ń yìn ín pé ó ní ọkàn rere, pé lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ṣe, òun ló gbé mi dé ilé ìwòsàn. Mò ń wò ó lẹ́nu. Mo rò pé yóò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ó kàn ń tẹ́rí gba ìyìn.

Láti ìgbà náà, ọjà ti wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì ti fi gàrí nìkan sùn lẹ́yìn náà, kò dùn mí. Ebi kọ́ ló ṣe mí ní ìkà nínú ilé yẹn. Lójú gbogbo wọn ni ọ̀rẹ́ mi ti fẹ̀sùn kàn mí, etí mi nìkan ló ti tọrọ àforíjì, nígbà tí mi ò ní ẹnu tí mo lè fi kọ̀ ọ́. A kó kúrò níbẹ̀ lọ sí Olódì-Àpápá, ìkòkò náà tú ká, Ìyá Onílé kú pẹ̀lú ohun tó gbà gbọ́ nípa mi. Nínú gbogbo obìnrin ilé yẹn, àwa méjì péré la mọ̀ pé mi ò dáná, èmi nìkan ni mo sì sọ ọ́.